Igbà Ọ̀pẹ Tí Mo Mú Kúrò Lára Ògiri

Mo ṣì rántí bí ọrùn ẹsẹ̀ bàbá mi ṣe dún lọ́jọ́ náà. Ó dún kọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ igi ìdáná, gbogbo wa tó wà nínú yàrá náà sì mí kanlẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ tiwa ni wọ́n fà. Bàbá ato-eegun tó fà á kò tilẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì, òun náà dún. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Fèrè tí mo fi ń darí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lọ́rùn mi, aago ọwọ́ tuntun tó ní bọ́tìnì wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi bírò há etí. Bí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé èmi ni mo to eegun Ádámù.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá nílé-ìwé girama kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ohun gbogbo jẹ́ tuntun nígbà náà, ohun gbogbo sì tún jẹ́ ti àná. Àwọn pátákó ọ́fíìsì ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọ̀dà ni, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ń kọ lẹ́tà nílé-ìwé wa, Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ṣì wà lórí rẹ̀. A ó fi bírò fagi lé Oǹdó, a ó kọ Èkìtì sókè rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé-ìwé bí ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì fi ń kọ ohunkóhun tí mo bá fẹ́ kọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́, mo tún ń lọ sí yunifásítì láti gba oyè kejì. Mo ti parí àwọn ìdánwò, iṣẹ́ ìwádìí nìkan ló kù, n kò sì tíì rí ohun tí n ó ṣèwádìí lé lórí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbé ìwé òfìfo kiri nínú báàgì.

Ìyá mi ló bá mi rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tó bá wá nìyẹn. Aba kan láàárín Ìṣẹ̀ àti Èmùré ni òun àti bàbá mi ń gbé, wọ́n ń ṣe kòkó, wọ́n sì ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Bàbá mi tún jẹ́ akọ̀pẹ. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti kọ ẹyìn, igbà sì ni okùn líle tí akọ̀pẹ máa ń lọ́ mọ́ ara rẹ̀ àti igi tó bá ń gùn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le koko, kò mọ ọ̀nà ọsibítù. Ìyá mi dé ilé mi ní Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, kò tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá rẹ," ló wí. "Ọ̀pẹ tó gùn kẹ́yìn lọ́dún tó kọjá, nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jókòó sídìí ọ̀pẹ. Omi tí mo bù fún un, ó dà á sára. Ó ní òòrùn ni. Éè ṣe òòrùn. Ukú odò ní í pa òmùwẹ̀. Uwọ ni tíṣà ara, bá mi dá a dúró nílẹ̀."

Tíṣà ara ni gbogbo àwọn ará aba wa ń pè mí, nítorí pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń sáré àti bí wọ́n ṣe ń fò. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo lọ bá bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé òun kì í gun ọ̀pẹ láìkọ́kọ́ lọ fa ara ni. Ìgbà náà ni mo fi etí sí ohun kan tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré tí n kò kà sí. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, kí àwọn akọ̀pẹ àdúgbò wa tó gun ọ̀pẹ àkọ́kọ́, wọn yóò kó ara wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá ato-eegun kan létí ìlú Ìṣẹ̀. Kì í ṣe pé eegun ẹnikẹ́ni dá tàbí pé ibì kan ń dùn wọ́n. Ara wọn yá gágá ni wọ́n á ṣe lọ. Bàbá náà yóò fa ọrùn ẹsẹ̀ wọn, yóò fa orúnkún àti ìbàdí, yóò tẹ eegun ẹ̀yìn wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, yóò sì yí ọrùn wọn títí yóò fi dún.

"Bó bá ti fà mí," ni bàbá mi wí, "ulẹ̀ á mọ ẹsẹ̀ mi."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, orí mi wú. Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé, ṣé òótọ́ ni pé bí wọ́n bá fa oríkèé ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹni náà yóò túbọ̀ lè dúró gbọn-in? Mo ní ohun tí n ó ṣèwádìí lé lórí nìyẹn. N ó wọn bí akọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ṣe lè fi ẹsẹ̀ kan dúró pẹ́ tó kí wọ́n tó fà á, n ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á tán, n ó sì fi ọ̀nà kan náà dá ẹjọ́ ìyá mi. Bàbá mi gbà. Ó fa ọwọ́ mi, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń bá oníṣòwò pinnu.

"Bí aago rẹ bá ní kí n má gùn, mi ò ní gùn. Bó bá ní kí n gùn, kí yèyé rẹ panu mọ́."

Ìyá mi ní òun gbọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ bóyá bàbá mi yóò tún gun ọ̀pẹ, tàbí yóò dúró nílẹ̀ kó máa wà láàyè, ṣe bọ́ sọ́wọ́ aago tí mo rà lọ́jà Ìkẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí a lọ sọ́dọ̀ bàbá ato-eegun, àwọn akọ̀pẹ mẹ́fà ló wá, bàbá mi ló sì dàgbà jù nínú wọn. Ìyá mi bá wa lọ, ó ru iṣu sísè àti ọbẹ̀, nítorí ó ní ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró lẹ́sẹ̀ méjì, áḿbọ̀sì ẹyọ kan. Mo to àwọn ọkùnrin náà sí gbangba ìta. Mo ní kí ẹni tó bá kàn káwọ́ gbera sáyà, kó dijú, kó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Mo fọn fèrè, mo tẹ aago. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, mo tún tẹ aago, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé Oǹdó. Àwọn ọkùnrin tó ń dúró sórí ọ̀pẹ láti àárọ̀ dọ̀sán ń ṣubú lu ara wọn nílẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. Ti bàbá mi kò pẹ́ rárá. Kíkà méje ni, ó ti mi.

Ìyá mi gbé ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ ṣe é. Ó di ìró mú, ó dijú, ó gbé ẹsẹ̀, kò sì tíì tó kíkà mẹ́ta tó fi já lu akọ̀pẹ kan tó jókòó. Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún un pẹ̀lú ohùn olùkọ́ pé kó jẹ́ kí a ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n to igbà wọn sí. Nínú yàrá, àwọn èèkàn igi mélòó kan wà tí wọ́n gún mọ́ ògiri amọ̀, igbà mẹ́ta sì wà lórí wọn, wọ́n ti gbẹ, eruku ti bò wọ́n. Mo rò pé àwọn tó ni wọ́n gbàgbé wọn ni. Bí bàbá ato-eegun bá ti fa ẹnì kan tán, yóò jáde sẹ́nu ọ̀nà, yóò mú igbà ẹni náà, yóò fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì fi lé e lọ́wọ́. Ẹni náà yóò tẹríba, yóò jáde wá bá mi síta, yóò tún dúró lẹ́sẹ̀ kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹlòmíràn tilẹ̀ fi ìlọ́po méjì pẹ́ jù ú. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ oyè.

Bàbá mi ló kẹ́yìn, mo sì wọlé láti wo bí wọn yóò ṣe fa tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti dún tán, bàbá ato-eegun kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ òsì mú, ó dijú, ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún fà á, ó tún dákẹ́. Nígbà tó dìde, ó jáde lọ mú igbà bàbá mi, kò fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó gbé e kọ́ orí èèkàn kan lára ògiri. Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí kòkó ṣe ń ṣe lọ́dún náà. Bàbá mi ń wo igbà náà lára ògiri. Mo rò pé fífà náà ló rẹ̀ ẹ́, mo sì pè é síta pé kó wá dúró.

Ó dúró. Mo ń wo aago, mo ń wo bàbá mi. Ó dúró débi tí àwọn tó ń jẹun fi gbé iṣu sílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè. Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ẹni tí tirẹ̀ fi púpọ̀ pọ̀ sí i tó ti bàbá mi. Mo fò sókè. Mo sọ ọ́ pé aago ti dájọ́! Mo wá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, òun nìkan ni igbà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọlé, mo mú un kúrò lórí èèkàn.

"Bàbá, ẹ gbàgbé igbà bàbá mi," ni mo wí fún bàbá ato-eegun bí mo ṣe ń kọjá lójú rẹ̀.

Mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá mi níwájú gbogbo wọn. Àwọn akọ̀pẹ yòókù wo ojú ara wọn. Mo rò pé ìṣirò mi ló yà wọ́n lẹ́nu. Bàbá mi wo igbà náà, ó wo ojú mi, ó sì gbà á. Bàbá ato-eegun ti jáde dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Uwọ lo fún un?" ló bi mí.

"Èmi ni, bàbá."

"Ó dáa." Ó padà wọlé lọ fọ epo tó fi ń fa ara kúrò lọ́wọ́.

Ìyá mi, tó wà nídìí ìkòkò rẹ̀ látàárọ̀, ló mú ẹ̀rín padà wá. Ó ní òun yóò tún tòun ṣe. Ó di ìró mú, ó dijú, ó gbé ẹsẹ̀, ó sì dúró! Ó dúró títí wọ́n fi kà á dé ibi tó pẹ́ ju ti ẹni mẹ́ta nínú àwọn akọ̀pẹ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló la ojú tó ní iṣu ń tutù. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé aago ní kí bàbá gun ọ̀pẹ, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ohun tí mo rí nìyẹn, òun ti panu mọ́. Bàbá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun yóò gun ti àkọ́kọ́.

Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà kọ ìwé. Nígbà tó di ọ̀sán Jímọ̀, mo gbé e lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, obìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Àwọn tí wọn kò fà ńkọ́?" ló bi mí.

Mo ní gbogbo wọn ni wọ́n fà.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, ṣé kì í mọ̀ ọ́n ṣe ju ti àkọ́kọ́ lọ ni? Báwo lo ṣe mọ̀ pé fífà ló ṣe é? Ṣé o rí ẹnikẹ́ni tó dúró lẹ́ẹ̀mejì tí wọn kò fọwọ́ kàn?"

Mo ti la ẹnu láti sọ pé rárá. Ìgbà náà ni mo rí ìyá mi, bó ṣe di ìró mú tó dijú. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan oríkèé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn tí mo ń wá wà níwájú mi, ó ń bu ọbẹ̀ sáwo, mo sì ní kó jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé kò lè fi ìnàró rí i. Èmi tiẹ̀ fi aago wò ó, n kò rí i.

Ojú mọ́, mo wọ takisí láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìṣẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún bàbá mi pé aago kò rí nǹkan kan, kó dá gígun ọ̀pẹ dúró ná títí n ó fi tún un ṣe. N kò tíì bẹ̀rù nígbà náà, ojú ló ń tì mí. Nítorí pé ilé bàbá ato-eegun wà lójú ọ̀nà, mo ní kí n yà kí òun náà, kí n sọ fún un pé n ó tún padà wá. Mo bá a níta, ó ń sá ewé sóòrùn. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ọ pé tìtorí kí wọ́n lè dúró lẹ́sẹ̀ kan ni mo ṣe ń fà wọ́n?" ló wí. "Ọwọ́ mi ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Bí mo bá fa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á dá mi lóhùn. Ẹni tó dá mi lóhùn kíá, mo fún un ní ugbà rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ pẹ́ kó tó dá mi lóhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì."

Mo béèrè pé kí ló dé tí kò sọ ọ́.

"Mo sọ ọ́. Mo gbé ugbà rẹ̀ kọ́. Éè ṣe ohun tí a ń fi ẹnu sọ fún ọkùnrin níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ti gbé e kọ́, ó ti mọ̀, àwọn yòókù ti mọ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ mìíràn." Ó wo ògiri yàrá rẹ̀ láti ìta. "Uwọ lo mú un. Ẹni tó bá fi ugbà lé akọ̀pẹ lọ́wọ́, òun ló dúró fún ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́dún náà. Mo bi ọ́. O ní uwọ ni."

Mo rántí àwọn igbà mẹ́ta tí eruku bò. Kò sí ẹni tó gbàgbé wọn. Ẹ̀rù bà mí. N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rù bà mí débi tí n kò fi rántí dágbére. Mo já sí títì, mo dá ọ̀kadà kan dúró, mo sì ń bẹ ọlọ́kadà náà kó sáré, lójú ọ̀nà kan tí mo ti máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́kadà pé kí wọ́n rọra. Nígbà tí a dé aba, ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní bàbá mi ti lọ, ó wà nídìí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn oko kòkó. Mo bọ́ bàtà, mo sáré.

Ó ti wà lókè nígbà tí mo dé ibẹ̀. Òjò ti rọ̀ lóru, ara ọ̀pẹ náà ń dán. Mo ti la ẹnu kí n tó rántí pé a kì í pe akọ̀pẹ lórí ọ̀pẹ. Bó bá gbọ́ ohùn ẹni tó mọ̀, yóò bojú wolẹ̀, ìbojúwolẹ̀ yẹn ló sì ti gbé ẹni púpọ̀ lọ. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Àdá rẹ̀ ń dún, odi ẹyìn kan já bọ́, òmíràn já bọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ máa ń mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni mo ń wò. Yóò nà án, yóò wá ibi tí yóò gbé e sí, yóò gbé e sí ibi tí kò sí nǹkan kan, yóò tún un wá. Mo rí ohun tí ọwọ́ bàbá ato-eegun ti gbọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, ẹsẹ̀ náà yọ̀. Igbà mú un, ó fi àyà lu ara ọ̀pẹ, ó rọ̀ síbẹ̀, ó mí, ó tún ẹsẹ̀ wá, ó sì dé ilẹ̀. Ìyá mi ti dé ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹni tó pariwo nínú wa.

Bàbá mi jókòó sídìí ọ̀pẹ, àyà rẹ̀ bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kì í ṣe fífà ló jẹ́ kó dúró pẹ́, àṣetúnṣe ni, ìyá mi tí wọn kò fà náà dúró pẹ́. Mo ní n kò mọ ìtumọ̀ kí wọ́n gbé igbà kọ́. Mo sunkún, èmi tíṣà ara. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

"Nígbà tó gbé ugbà mi kọ́, mo rí i," ló wí. "Mo ti gbà. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti gbà. Uwọ lo wá kúnlẹ̀ tó o gbé e fún mi. Kí ni kí n ṣe? Kí n kọ ohun tí ọmọ mi fún mi níṣojú ẹgbẹ́ mi?" Ó nu ojú. "Unú mi sì dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní bóyá aago mọ ohun tí ọwọ́ ò mọ̀."

Ìyá mi bu omi fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló di ife náà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó mu tán, ó tú igbà náà, ó ká a, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Dá a padà síbi tó o ti mú un."

Mo gbé e padà sí Ìṣẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá ato-eegun rí mi bí mo ṣe wọlé tí mo gbé e kọ́ orí èèkàn. Ó nawọ́ sí àwo oúnjẹ rẹ̀. Ó ní, "Ghá jẹun," ó sì bi mí bóyá òjò ti rọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́.

Mo tún iṣẹ́ ìwádìí náà ṣe, nítorí ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n sá. Bàbá ato-eegun gbà láti fa ìdajì àwọn tó wá, ìdajì yòókù jókòó sábẹ́ igi mángòrò fún ìwọ̀n àkókò kan náà. Nígbà tí gbogbo wọn tún dúró, àwọn tí wọ́n fà pẹ́ sí i, àwọn tó jókòó sábẹ́ mángòrò náà pẹ́ sí i, n kò sì rí ìyàtọ̀ tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n fà ní ara àwọn fúyẹ́, mo kọ ìyẹn náà. Ìwé kékeré ni, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní oyè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní aago nígbà náà, n kò ní àkísà.

Bàbá mi kò gun ọ̀pẹ mọ́. Ó máa ń jókòó sídìí rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń kọ ẹyìn fún un, ó máa ń rojọ́ pé wọ́n ń fi àdá ṣeré. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò bẹ́ẹ̀, orí ibùsùn rẹ̀ ló sì kú sí, ìyá mi ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún àwọn ọdún wọ̀nyẹn ju bí mo ṣe dúpẹ́ fún oyè lọ.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ojú mi kì í tètè mọ ohun tó wà lójú títì mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wa ọkọ̀ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ewúrẹ́ kan lẹ́nu géètì. Ọmọbìnrin mi tó wá kí mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀. Nígbà tí a wọlé, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ ìṣó tó wà lára ògiri, ó sì bi mí ohun tí mo fẹ́ jẹ. Ìlú òkèèrè ló dàgbà sí, kò mọ àṣà àwọn akọ̀pẹ, n kò sì sọ ọ́ fún un rí. Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà lórí ìṣó, n kò sì nawọ́ mú un. Mo ní kó bá mi se iṣu.